Afibùdóhàn Àfọwọ́mú fún Ọkọ̀ Àjẹ̀ ní Ọ̀jọ́: Yíyan Ẹ̀rọ àti Yíyan Ọ̀rọ̀

Ìfáárà

Ẹni tó bá kúrò ní Ìbà, tó gba Okokomáíkò kọjá, tó sì kọjú sí gúúsù, ilẹ̀ ni yóò máa tẹ̀ títí yóò fi dé ìlú Ọ̀jọ́. Ní Ọ̀jọ́ ni ilẹ̀ ti pin. Ọ̀sà tóóró tó so Àgbádárìgì mọ́ ọ̀sà Èkó ni yóò bá níwájú. Ní òdìkejì ọ̀sà náà ni ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan wà tí kò fẹ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òkun Àtìláńtíìkì ni. Àwọn Àwórì tó ni ìlú náà, àti àwọn apẹja mìíràn tó bá wọn gbé etí omi, ti ń fi ọkọ̀ àjẹ̀ rìn lórí omi yìí láti ìrandíran. Igi ńlá kan, òrùlé kan, ẹnu odò kan, bí omi ṣe ń ṣàn lábẹ́ ọkọ̀: ìwọ̀nyí ni àmì tí wọ́n fi ń mọ ibi tí wọ́n dé.

Ṣùgbọ́n àmì ojú kò wúlò níbi tí ojú kò bá ti ríran. Ní àkókò ọyẹ́, kùrukùru òwúrọ̀ lè bo ojú omi tó bẹ́ẹ̀ tí èbúté kò ní hàn sí ẹni tó ti sún mọ́ ọn. Kódà nígbà tí ojú ọjọ́ bá mọ́, ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ àjẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò ga ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 80 lọ sí omi, kò lè rí ojú omi kọjá nǹkan bí kìlómítà 3, nítorí pé ayé rí róbótó. Igbó etí omi a sì máa jọra wọn lójú àlejò. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ kékeré tí ń sọ ibi tí ènìyàn wà fi wúlò fún atukọ̀. Ní ọdún 1989 ni ilé-iṣẹ́ Magellan ní Amẹ́ríkà gbé irú rẹ̀ kan, Magellan NAV 1000, jáde fún ará ìlú láti máa fi ọwọ́ mú kiri.

Olùkọ́ tàbí ògbufọ̀ tó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé ẹ̀rọ yìí fún ọmọ atukọ̀ ní iṣẹ́ méjì níwájú. Yóò yan ẹ̀rọ tó yẹ omi náà. Yóò sì yan ọ̀rọ̀ tó yẹ ẹ̀rọ náà. Iṣẹ́ méjèèjì kò ṣe é yà sọ́tọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tó bá pa ohun méjì pọ̀ lè ta ẹ̀rọ tí kò yẹ fún olùrà, ó sì lè gbé ọkọ̀ gba ibi tí kò yẹ.

Iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Yorùbá. Ní 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí Babs Fáfúnwá ṣe agbátẹrù rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1984 lábẹ́ àbójútó Ayọ̀ Bámgbóṣé, tí apá kejì sì jáde ní 1990 lábẹ́ àbójútó Ọládélé Awóbùlúyì, dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ìmọ̀ ìtukọ̀ kò sí lára iṣẹ́ tí a gbé lé wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà tí a mọ̀ mọ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, èyí ni àpèjúwe, àyálò, àpapọ̀ ọ̀rọ̀ àti fífẹ ìtumọ̀ lójú, wúlò níhìn-ín pẹ̀lú.

Orúkọ ẹ̀rọ náà

GPS, tí ẹnu àwọn ènìyàn ń pè ní Jí-Pí-Ẹ́ẹ̀sì, ni orúkọ ètò sátẹ́láìtì kan ṣoṣo, èyí tí ilé-iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1973, tí wọ́n fi sátẹ́láìtì rẹ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sókè ní 1978, tó sì pé pérépéré ní 1995. Rọ́ṣíà ní GLONASS, ilẹ̀ Yúróòpù ní Galileo, ilẹ̀ Ṣáínà ní BeiDou. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní ń gbọ́ ohùn ju ẹyọ kan lọ nínú wọn. Síbẹ̀ Jí-Pí-Ẹ́ẹ̀sì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pe gbogbo ọṣẹ ìyẹ̀fun ní Omo. Nínú ìwé ẹ̀kọ́, ó yẹ kí a fi Jí-Pí-Ẹ́ẹ̀sì mọ sí ètò ti Amẹ́ríkà, kí ẹ̀rọ ọwọ́ náà sì ní orúkọ tirẹ̀.

Orúkọ tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni atọ́nisọ́nà. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣi ni lọ́nà. Ẹni tó bá tọ́ni sọ́nà ti mọ ọ̀nà. Ẹ̀rọ ọwọ́ tó rọrùn jù lọ kò mọ ọ̀nà: ó mọ ibi tí òun wà, ó sì mọ ibi tí a ní òun ń lọ. Bí atukọ̀ ní Ọ̀jọ́ bá yan èbúté kan tó wà lẹ́yìn kọ́nà ọ̀sà, ẹ̀rọ yóò fa ìlà tààrà láti ibí dé ọ̀hún, yóò sì sọ iye kìlómítà rẹ̀. Kò bìkítà bóyá ìlà náà gba orí ilẹ̀, inú igbó tàbí ibi tí omi ti gbẹ kọjá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá ti sọ fún pé atọ́nisọ́nà ni yóò máa tẹ̀ lé e.

Afibùdóhàn ni ọ̀rọ̀ tó sàn jù. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe gan-an ni ó sọ: ó ń fi ibùdó hàn. Ọ̀nà ṣì kù sí ọwọ́ atukọ̀.

Bí afibùdóhàn ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹni tó dúró ní etí ọ̀sà, tó ń wo ẹni tó ń la igi ní òdìkejì, yóò rí i pé àáké ti balẹ̀ kí ìró rẹ̀ tó dé etí òun. Bí ó bá mọ iye àkókò tó wà láàárín rírí àti gbígbọ́, tó sì mọ̀ pé ìró máa ń rin nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó lè ṣírò bí ọ̀hún ṣe jìnnà tó. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni afibùdóhàn ń ṣe, àfi pé ìgbì rédíò ni ó ń gbọ́, èyí tí ń rin nǹkan bí kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn sátẹ́láìtì Jí-Pí-Ẹ́ẹ̀sì ń yí ayé po ní nǹkan bí kìlómítà 20,200 lókè. Ohùn èyí tó bá wà ní àtàrí ẹni ń gba nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 ìṣẹ́jú-àáyá kí ó tó dé ilẹ̀. Bí aago bá fi ìdá kan ṣoṣo nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá ṣì í, àṣìṣe mítà 300 ni. Aago inú sátẹ́láìtì péye gidigidi. Aago inú ẹ̀rọ ọwọ́ kò tó o. Nítorí náà ni sátẹ́láìtì mẹ́ta kò fi tó. Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀rọ fi ń tún aago tirẹ̀ ṣe.

Àwọn kan lè fẹ́ pe sátẹ́láìtì ní òṣùpá àtọwọ́dá. Àpèjúwe náà bá ìyípo rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n òṣùpá lédè Yorùbá jẹ́ ohun tí ń tàn, tí a sì fi ń ka oṣù. Sátẹ́láìtì ti wọ ẹnu àwọn ènìyàn tipẹ́ nípasẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, àti láti ìgbà tí Nàìjíríà ti ní NigeriaSat-1 lójú ọ̀run ní 2003. Àyálò sàn níhìn-ín.

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan wà tó yẹ kí a mú padà. Nígbà tí rédíò dé, àwọn Yorùbá pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Sátẹ́láìtì ibùdó jẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì pọ́ńbélé: ó ń sọ̀rọ̀, kò sì mọ ẹni tó ń gbọ́. Afibùdóhàn lásán kò lè ránṣẹ́ sókè pé ọkọ̀ dà. Ẹ̀rọ tó lè ké gbàjarè nípasẹ̀ sátẹ́láìtì yàtọ̀, orúkọ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Bákan náà, afibùdóhàn kò gbára lé òpó àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù. Fóònù tí kò rí nẹ́tíwọ̀kì lórí omi ṣì lè mọ ibùdó rẹ̀. Àwòrán ilẹ̀ tí a kò ti gbà sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kò ní hàn.

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2000, Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ń da ohùn Jí-Pí-Ẹ́ẹ̀sì rú fún ará ìlú, tó bẹ́ẹ̀ tí àṣìṣe fi lè tó mítà 100. Láti ìgbà tí wọ́n ti dáwọ́ rẹ̀ dúró, mítà díẹ̀ ni àṣìṣe máa ń jẹ́ ní gbangba ojú omi. Ẹ̀rọ a máa fi iye yìí hàn. Ògbufọ̀ tó bá kọ ọ́ sí ìpéye ti dá wàhálà sílẹ̀: bí mítà 5 bá di mítà 30, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé ìpéye pọ̀ sí i. Òdiwọ̀n àṣìṣe ni kí a pè é. Bí ó bá ti ń ga sí i ni ibùdó ń burú sí i. Ó sì yẹ kí atukọ̀ Ọ̀jọ́ máa wò ó ní ìrọ̀lẹ́. Ní àwọn ilẹ̀ tó sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé, ìpele afẹ́fẹ́ òkè tí oòrùn ti fún ní agbára iná a máa dàrú lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, pàápàá ní àyíká oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án, ohùn sátẹ́láìtì tó bá gba inú rẹ̀ kọjá a sì máa ṣe ségesège. Àkókò tí àwọn kan ń ti ibi ẹja bọ̀ gan-an nìyẹn.

Ìbú, òòró àti àmì kékeré kan

Ní ti àwọn ìlà tí a fà yí ayé ká, Yorùbá kò nílò àyálò rárá. Ìbú àti òòró wà nínú èdè. Ìlà ìbú ń sọ bí ibì kan ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, síhà àríwá tàbí gúúsù. Ìlà òòró ń sọ bí ó ṣe jìnnà sí ìlà Greenwich, síhà ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn. Ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́, tí a dá sílẹ̀ ní 1983, wà ní nǹkan bí 6°28′ ìbú àríwá àti 3°12′ òòró ìlà-oòrùn.

Ìṣòro wà nínú àmì kékeré tó tẹ̀ lé 28 yẹn. Dígíìrì kan pín sí ọ̀nà 60. Àwọn olùtúmọ̀ lè pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú ti jẹ́ ti aago, atukọ̀ sì nílò aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó. Bí a bá sọ fún un pé ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù, ṣé àkókò ni tàbí jíjìn? Ìdáọgọ́ta kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ìdáọgọ́ta kan lórí ìbú tó nǹkan bí mítà 1,852, èyí tí àwọn atukọ̀ òkun ń pè ní máìlì òkun.

Ọ̀rọ̀ náà tún ní iṣẹ́ mìíràn. Afibùdóhàn lè kọ ibùdó kan náà sí 6°28′ tàbí sí 6.4667°, gẹ́gẹ́ bí olùlò bá ti ṣètò rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ "mẹ́fà, méjìdínlọ́gbọ̀n" lẹ́nu ẹlòmíràn, tó sì tẹ 6.28° sínú ẹ̀rọ, ti tẹ 6°16.8′. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ ìdáọgọ́ta 11.2, èyí tó tó kìlómítà 20.7 síhà gúúsù. Kò sí ilẹ̀ níbẹ̀ mọ́, kò sì sí ọ̀sà. Inú òkun Àtìláńtíìkì ni. Bí ó bá gbọ́ "dígíìrì mẹ́fà àti ìdáọgọ́ta méjìdínlọ́gbọ̀n", kò ní ṣe àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún kù tí olùlò àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Afibùdóhàn ń wọn ibùdó lórí ìpìlẹ̀ ìwọ̀n tí a ń pè ní WGS 84, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà àtijọ́ dá lórí ìpìlẹ̀ ìwọ̀n Minna. Nọ́ńbà kan náà lórí ìpìlẹ̀ méjèèjì lè fi nǹkan bí mítà 100 yàtọ̀ síra. Lórí ọ̀sà tóóró, ìyẹn tó láti gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀.

Ìhà mẹ́ta

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú jù lọ ni ìhà. Ká sọ pé atukọ̀ kan kúrò ní Ọ̀jọ́, ó kọ iwájú ọkọ̀ sí gúúsù gan-an, ó sì ń tu kìlómítà 4 ní wákàtí kan. Ọ̀sà yìí so mọ́ òkun nípasẹ̀ ọ̀sà Èkó, nítorí náà omi a máa kún, a sì máa fà. Bí omi bá ń ṣàn sí ìlà-oòrùn ní kìlómítà 2 ní wákàtí kan, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 ọkọ̀ yóò ti rin kìlómítà 1 sí gúúsù àti ìdajì kìlómítà sí ìlà-oòrùn. Iwájú ọkọ̀ kọ sí gúúsù. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń rìn sí nǹkan bí dígíìrì 27 sí ìlà-oòrùn gúúsù. Èbúté tó ń lọ sì wà ní ìhà kẹta.

Ìdojúkọ ni ibi tí iwájú ọkọ̀ kọ sí. Ìhà ìrìn ni ibi tí ọkọ̀ ń lọ ní tòótọ́. Ìhà àfojúsùn ni ibi tí ibi tí a ń lọ wà sí ẹni. Atukọ̀ tó bá ń fi ìhà ìrìn wé ìhà àfojúsùn yóò mọ̀ pé omi ń gbé òun lọ kí ó tó pẹ́ jù. Ẹni tó bá ń wo ìdojúkọ nìkan kò ní mọ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ń kan owó pẹ̀lú. Afibùdóhàn tí kò ní kọ́ńpáàsì nínú ń mọ ìhà ìrìn nípa fífi ibùdó ìsinsìnyí wé ti ìṣẹ́jú-àáyá tó kọjá. Bí ọkọ̀ bá dúró, kò mọ ìhà kankan mọ́. Nínú àwọn Garmin tó jáde ní 2011, eTrex 10 kò ní kọ́ńpáàsì, eTrex 30 ní. Nínú ẹ̀yà GPSMAP 78 ti 2010, 78 kò ní, 78s ní. Ẹni tó bá wọ ọjà Àlàbá ní Ọ̀jọ́, tó sì béèrè ẹ̀rọ tó ń fi ìhà hàn, kò tíì sọ ohun tó fẹ́.

Ohun tí olùrà yóò wò

Káyàkì, ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn Inuit ti ilẹ̀ yìnyín àríwá dá sílẹ̀, ń lo àjẹ̀ olórí méjì. Ọwọ́ atukọ̀ méjèèjì kì í sinmi. Ọkọ̀ àjẹ̀ Ọ̀jọ́ kò yàtọ̀ púpọ̀ ní ti èyí. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí a ń pè ní àfọwọ́mú kì í pẹ́ lọ́wọ́ lórí omi; iwájú atukọ̀ ni a ń dè é mọ́, kí ojú lè wò ó fìrí. Ìwọ̀nyí ni ó yẹ kí olùrà yẹ̀ wò:

Omi. Àmì IPX7 túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ lè wà nínú omi tó jìn tó mítà 1 fún ìṣẹ́jú 30 láìbàjẹ́. Aláìgbomi ni irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n aláìgbomi kì í ṣe aléfòó. Òkúta odò kì í gba omi sára, ìsàlẹ̀ odò ni ó sì ń gbé. Ojúoró ni í lékè omi. eTrex jẹ́ aláìgbomi, ó sì ń rì. GPSMAP 78 àti GPSMAP 86 jẹ́ aláìgbomi àti aléfòó. Ẹni tó bá ra èyí tí ń rì gbọ́dọ̀ fi okùn so ó mọ́ ọkọ̀.

Agbára. Àwọn kan ń lo òkúta tọ́ọ̀ṣì kékeré méjì, bí eTrex 10 àti GPSMAP 78. Àwọn kan ní bátìrì inú tí a ń fi iná sí, bí GPSMAP 86. Níbi tí iná mànàmáná kò bá dúró ire, èyí tí ń lo òkúta sàn, nítorí atukọ̀ lè kó òkúta mìíràn sínú ọ̀rá kí ó sì pààrọ̀ rẹ̀ lójú omi.

Ojú àti bọ́tìnnì. Ojú ẹ̀rọ tí ń lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn fúnra rẹ̀ láti hàn kedere sàn ju ojú fóònù tí oòrùn ọ̀sán ń pa lọ. Ojú tí a ń fọwọ́ kàn lè ṣi ẹ̀kán omi mú fún ìka. Bọ́tìnnì kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìrántí. Ẹsẹ̀ kì í hàn lójú omi, ṣùgbọ́n afibùdóhàn lè pa ipasẹ̀ ọkọ̀ mọ́. Fún ẹni tí kùrukùru bá ká mọ́ ojú omi, títọ ipasẹ̀ padà sàn ju ìlà tààrà lọ, nítorí ibi tí ọkọ̀ ti gbà lọ láìfarapa ni.

Àkójọ àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

Afibùdóhàn: ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì láti ṣírò ibi tí òun wà.
Ibùdó: ibi kan lórí ilẹ̀ ayé, tí a fi ìbú àti òòró sọ.
Ìlà ìbú, ìlà òòró: gẹ́gẹ́ bí a ti ṣàlàyé lókè.
Ìdáọgọ́ta: ọ̀kan nínú ọ̀nà 60 tí dígíìrì kan pín sí.
Ìpìlẹ̀ ìwọ̀n: àwòṣe ayé tí a gbé ìbú àti òòró lé.
Òdiwọ̀n àṣìṣe: iye mítà tí ibùdó tí ẹ̀rọ sọ lè fi yàtọ̀ sí òtítọ́.
Àmì-ọ̀nà: ibùdó kan tí olùlò fi pamọ́ sínú ẹ̀rọ, tó sì fún ní orúkọ.
Ètò-ìrìn: àwọn àmì-ọ̀nà tí a tò tẹ̀ léra kí a tó gbéra.
Ipasẹ̀: àwọn ibùdó tí ọkọ̀ ti gbà kọjá ní tòótọ́.
Ìdojúkọ, ìhà ìrìn, ìhà àfojúsùn: ìhà mẹ́ta tí kò gbọdọ̀ ní orúkọ kan náà.
Aláìgbomi, aléfòó: ìwà méjì tí ẹ̀rọ lè ní papọ̀, tàbí kí ó ní ọ̀kan láìní èkejì.

Ìgúnlẹ̀

Olùkọ́ tó bá wà ní agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà tàbí Okokomáíkò lè dán àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò kí ó tó kọ wọ́n sínú ìwé. Lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ mọ́, pẹ̀lú àgbà atukọ̀ nínú ọkọ̀ àti ẹ̀wù ìléfòó lọ́rùn gbogbo ènìyàn, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ sókè ní Yorùbá, kí atukọ̀ tí kò rí ojú ẹ̀rọ sì sọ ohun tó gbọ́ yé. Bí ó bá gbọ́ ìdojúkọ tó sì tọ́ka sí iwájú ọkọ̀, tó gbọ́ ìhà ìrìn tó sì wo bí omi ṣe ń ṣàn kí ó tó fèsì, ọ̀rọ̀ náà ti wọlé. Èyí tó bá da atukọ̀ lójú rú, kí a dá a padà sórí tábìlì kí a tún un ṣe, kí ó tó di ohun tí ẹlòmíràn yóò gbọ́ nínú kùrukùru.